Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Ìwádìí Ìtàn Ìlú Yín ní Èkìtì

Ní Èkìtì, ìtàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ọba bá wàjà, ìtàn ni ìdílé ọlọ́ba kọ̀ọ̀kan máa kọ́kọ́ gbé jáde. Bí ìlú méjì bá ń jà lórí ààlà oko, ìtàn ni lọ́yà máa béèrè: ta ló kọ́kọ́ dáko síbẹ̀, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ta? Síbẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ tí a máa ń tà lọ́jọ́ ìlú, Odùduwà ló máa ń wà lójú ewé kìíní, nígbà tó bá fi máa di ojú ewé kẹwàá, ó ti di fọ́tò àwọn olówó tó gbé e jáde. Bí àwọn èèyàn ṣe gbé ayé wọn láàárín, àti bí a ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ lè wá a títí kí ẹ má rí i.

Ẹni tó fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, tàbí ọmọ ilé kan tó fẹ́ mọ ibi tí bàbá ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Kò pọn dandan kí ẹ gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìtàn. Àwọn tó gboyè gan-an, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi ohunkóhun tí wọ́n bá gbọ́ tàbí tí wọ́n bá kà: ta ló sọ ọ́, báwo ló ṣe mọ̀, kí ni yóò rí jẹ níbẹ̀? Ẹni tí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti mọ́ lára, ìròyìn èké orí WhatsApp kò ní tètè rí i mú.

Iṣẹ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n ti bí J. F. Adé Àjàyí ní 1929. Nígbà tí Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, ń sọ ní 1963 pé ìtàn àwọn òyìnbó tó wá sí Áfíríkà nìkan ló wà, Adé Àjàyí, Kenneth Dike àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń fi ìtàn àtẹnudẹ́nu àti àkọsílẹ̀ àtijọ́ ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ̀rọ̀ náà di òfo.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìbéèrè

"Ìtàn ìlú wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ títí di òní" kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ mú ohun kékeré tó ń rú yín lójú. Kí ló dé tí ọjà ọba fi kúrò níwájú ààfin? Ta ló kọ́kọ́ gbin kòkó ládùúgbò wa, níbo ló ti rí irúgbìn rẹ̀? Kí ló dé tí àdúgbò kan nínú ìlú fi ń sọ ẹ̀ka èdè tó yàtọ̀ sí tiwa? Àwọn wo ló jáde ní ilé wa lọ sí àgọ́ Kírìjì, àwọn wo ló padà? Ẹ kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́. Bó bá yí padà lẹ́nu iṣẹ́, kò burú, wọ́n sábà máa ń yí padà.

Ẹ ka èyí tí wọ́n ti kọ, kí ẹ sì mọ ẹni tó kọ ọ́

Ẹ jẹ́ ká fi Ogun Kírìjì ṣe àpẹẹrẹ. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn (aṣojú tí Ìbàdàn fi síbẹ̀ láti máa ṣàkóso ìlú), àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kóra jọ lábẹ́ orúkọ Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, ṣùgbọ́n àgọ́ kò tú tán títí di 1893.

Ìwé tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí lórí ogun yìí ni The History of the Yorubas, iṣẹ́ Àlùfáà Samuel Johnson. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò rí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó kọ ọ́. Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1846, ìran Ọ̀yọ́ ni, Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ló ti ṣiṣẹ́. Òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni ìjọba Èkó rán sáàárín àgọ́ méjèèjì ní 1886, nítorí náà ó fojú ara rẹ̀ rí púpọ̀ nínú ohun tó sọ nípa àdéhùn náà. Níbẹ̀, ẹ gbà á bí ẹlẹ́rìí tó wà níbi ọ̀rọ̀. Èyí tó sọ nípa Èkìtì kí wọ́n tó bí i, ẹ rántí pé láti Ọ̀yọ́ ló ti ń wò wá.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílẹ̀ tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń fọ́nnu pé "Johnson sọ ọ́," ó tọ́ kí a bi í pé Johnson wo?

Àgbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Ẹ ka Bánjí Akíntóyè pẹ̀lú, ọmọ Adó-Èkìtì, tí ìwé rẹ̀ lórí ogun náà jáde ní 1971, tí ó sì wo ọ̀rọ̀ láti apá Èkìtìparapọ̀. Kì í ṣe pé ọmọ Èkìtì kò lè gbè sẹ́yìn ilé rẹ̀ o. Ẹ gbé méjèèjì síwájú, kí ẹ sàmì sí ibi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan àti ibi tí wọ́n ti pínyà. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ìbéèrè tí ẹ máa bi àwọn àgbà.

Ẹ tọ àwọn àgbà lọ

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ má kàn yọ sí àgbàlagbà lójijì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ yín tó sì mọ̀ wọ́n, kó mú yín wọlé. Ẹ mú obì dání. Lọ́dọ̀ àwọn tí kì í jẹ obì, búrẹ́dì àti mílíìkì kò tì. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó mọ sí ìkíni àti ìmọ̀ra. Wọn yóò bi yín pé ọmọ ilé ta ni yín, ẹ sọ òótọ́. (Bí wọ́n bá sì ti gbọ́ orúkọ ilé yín, wọ́n ti mọ irú ìtàn tí wọ́n máa sọ fún yín nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí ẹ ó fi parí iṣẹ́.)

Bí ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, ẹ tọrọ àyè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ pa á, ẹ pa á. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́, ibi tí ẹ wà, orúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, agbo ilé rẹ̀, oyè rẹ̀ bó bá ní, àti àwọn tó wà níjòókòó sínú fóònù. Ẹnu ọdún márùn-ún sí i, ẹ kò ní dá ohùn náà mọ̀ mọ́.

Bí a bá ṣe béèrè la ṣe ń rí èsì. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé Ifẹ̀ la ti wá?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n "Bàbá, níbo la ti wá, ibo la kọ́kọ́ dúró sí, ta la bá níbẹ̀?" máa mú kí wọ́n jókòó dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, kódà bí wọ́n bá yà sí ọ̀rọ̀ mìíràn, torí ohun tí ẹ kò béèrè ló máa ń níye lórí jù. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló sọ fún yín, Bàbá?" Ẹ wá fi èsì sí ọ̀nà mẹ́ta nínú ìwé yín: èyí tí wọ́n fojú ara wọn rí, èyí tí ẹni tó fojú rí sọ fún wọn, àti èyí tí gbogbo ìlú ń sọ. Jan Vansina, ará Bẹ́ljíọ́mù tó ṣiṣẹ́ ní Kóńgò àti Rùwáńdà, kọ ìwé kan ní 1961 tó kọ́ àwọn òpìtàn ayé bí wọ́n ṣe ń yẹ ìtàn àtẹnudẹ́nu wò. Ẹni tó bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà nínú agbo ilé ti mọ̀ tó ìdajì rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìtàn tó ti inú ìwé bọ́ sẹ́nu. Bí bàbá kan bá sọ fún yín pé ọdún òyìnbó báyìí gan-an ni ọba kìíní tẹ ìlú dó, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ka ìwé ìlú rí, tàbí ọmọ wọn ló kà á sí wọn létí. Àwọn baba ńlá wa kò fi kàlẹ́ńdà òyìnbó ka ọdún. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lè ti ẹnu èèyàn mẹ́wàá jáde, kí ẹ rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́wàá lẹ ní, kó sì jẹ́ pé ìwé pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn kà.

Ààfin ní ìlànà tirẹ̀. Bí àwọn ìjòyè bá péjọ níwájú Kábíyèsí, ohun tí ẹni tó bá gba iwájú bá sọ ni ìyókù máa gbè lẹ́yìn. Ẹ gbà á sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, torí ìtàn tí ìlú fọwọ́ sí ni. Bó bá di ọjọ́ mìíràn, kí ẹ wá lọ kí àwọn tó dákẹ́ níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, nílé wọn.

Ẹ má sì fi àwọn ìyá sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ló ń ki oríkì ọkọ. Ìyá àgbà tó ti agbo ilé mìíràn wá mọ ìtàn ilé méjì, kò sì sí oyè tó ń dù nínú èyíkéyìí. Olówè, gbajúgbajà agbẹ́gilére Ìsẹ̀-Èkìtì, kú ní 1938. Ohun tí a mọ̀ nípa irú ẹni tó jẹ́, oríkì rẹ̀ ló gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá, èyí tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ kì fún olùwádìí John Pemberton ní 1988. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú ọkọ! Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "obìnrin ni, kí ló mọ̀," ẹ rántí ìyá yìí.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu. Bí ìyá bá wí pé "ulé", ẹ má sọ ọ́ di "ilé". Ẹ lè túmọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ fún ará Èkó. Ohun tó bá jẹ́ awo, ẹ jẹ́ kó jẹ́ awo. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá sì wà ní kóòtù, ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó wọlé, torí lójú wọn, ẹlẹ́rìí ẹnì kan ni yín.

Ẹ wá ọdún tó ṣẹlẹ̀

Àgbàlagbà kì í sábà sọ pé "ní 1947". Ọdún tí òòrùn ṣókùnkùn ni wọ́n máa wí. Ẹ to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ọdún wọn dájú sílẹ̀, kí ẹ máa fi ìtàn wọn há a láàárín. Ẹ da èyí kọ, kí ẹ fi ti ìlú yín kún un: àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà, 1918, ogun Hítílà, 1939 sí 1945, òòrùn tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án, 20 oṣù Karùn-ún 1947, ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, oṣù Kìíní 1955, òmìnira, 1960, ìjà wẹ́tìẹ̀ lẹ́yìn ìbò 1965, ogun Biafra, 1967 sí 1970, ìgbà tí mọ́tò bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, oṣù Kẹrin 1972, ìgbà tí pọ́n-ùn di náírà, oṣù Kìíní 1973, ìdásílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, 1976, àti ti Èkìtì, 1 oṣù Kẹwàá 1996.

"Ìyá, nígbà tí òòrùn ṣókùnkùn yẹn, ṣé ẹ ti ń lọ sódò?"

"Mo ti lè gbé àbúrò mi pọ̀n."

Ẹ ti rí nǹkan dì mú. Ọmọ tó lè gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n yóò ti tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ.

Àwọn kan máa ń ka iye ọba, kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, kí wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ dé ọjọ́ Odùduwà. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe é. Oyè ń yí láti ìdílé kan sí òmíràn, kì í ṣe bàbá sí ọmọ. Ọba kan lè pẹ́ lórí ìtẹ́, kí èyí tó tẹ̀ lé e má lò ju ọdún méjì lọ. Àwọn tí ìlú lé kúrò, orúkọ wọn lè má sí nínú àkọsílẹ̀ rárá. Fún ohun tó ti pẹ́ gan-an, "kí ogun Ìbàdàn tó dé" sàn ju ọdún tí a fi ìṣirò hun lọ.

Ẹ wo ohun tí ó wà nílẹ̀

Ahoro ìlú, yàrà tó yí ìlú ká, ibojì, igi ìrókò ìdí ojúbọ, àfọ́kù ìkòkò: ẹ yà wọ́n ní fọ́tò, ẹ kọ ibi tí wọ́n wà, kí ẹ má sì gbẹ́ ilẹ̀. Bí ohun àtijọ́ bá jáde níbi tí wọ́n ti ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù nìyẹn.

Iṣẹ́ ọnà náà ń jẹ́rìí. Ní nǹkan bí 1910 sí 1914, Olówè gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, ojú àwọn òyìnbó kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ògògà gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀, nítorí náà British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ìlẹ̀kùn náà wà títí di òní. Lára rẹ̀, Ògògà jókòó gbọingbọin pẹ̀lú adé lórí, olorì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó tó wá kí i, Captain Ambrose, wà lórí ohun tí wọ́n fi ń gbé e bọ̀. Ìwé òyìnbó yóò sọ fún yín pé òyìnbó wá sí Ìkẹ́rẹ́. Ìlẹ̀kùn yìí ń sọ bí ará Èkìtì kan ṣe rí àlejò náà: ẹni tó jókòó ló nilé. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìlẹ̀kùn náà ní ìbéèrè mẹ́ta tiwa. Ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ? Ọba ni. Agbẹ́gilére ọba kò ní gbẹ́ ọba ní kékeré.

Ìbàdàn, àti àpótí ìyá àgbà

National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kenneth Dike ló ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀, ìwé láti ilé-ìwé tàbí ẹgbẹ́ ìlú tó ń sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́, owó díẹ̀, àti pẹ́ńsù, torí báírò kò yẹ kó sún mọ́ ìwé àtijọ́. Abẹ́ Ondo Province ni Èkìtì wà láyé òyìnbó, nítorí náà ẹ wo abẹ́ "Ondo Prof" àti "Ekiti Div" nínú ìwé atọ́ka. Ẹ fi oríṣiríṣi sípẹ́lì wá orúkọ ìlú yín. Bí etí òyìnbó bá ṣe gbọ́ ọ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe kọ ọ́.

Ohun tó máa dùn mọ́ yín jù níbẹ̀ ni ìròyìn ìwádìí tí àwọn D.O. (District Officer, òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè) kọ ní àwọn ọdún 1930. Ìtàn ìlú, orúkọ ọba, ètò ìjòyè, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Inú èèyàn á dùn pé òun ti rí òótọ́. Ẹ ṣe sùúrù. Ìjọba ń wá ọba tí wọ́n máa fún láṣẹ àti ìlú tí wọ́n máa fi sábẹ́ ìlú mìíràn, àwọn baba wa sì mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ìlú tó fẹ́ dá dúró ní ìdí láti sọ pé òun kò sin ẹnikẹ́ni rí; èyí tó fẹ́ ní ọmọ abẹ́ ní ìdí láti sọ pé gbogbo àyíká ló ń sìn ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìkéde oyè tí wọ́n ṣe lábẹ́ òfin oyè Ìwọ̀-Oòrùn ti 1957: ó sọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹ má sì rò pé Ìbàdàn nìkan ni ìwé wà. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé orúkọ ọmọ ilé-ìwé (Christ's School ní Adó ti wà láti 1933), ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀, rísíìtì owó-orí, ìwé tí ẹgbẹ́ oníkòkó fi ń wọn kòkó, ẹ̀yìn fọ́tò ìgbéyàwó. Ẹ yà á ní fọ́tò níbi tó wà, kí ẹ sì dá a padà sínú àpótí lójú ẹni tó ni ín.

Bí ìtàn méjì bá takora

Ẹ má pò wọ́n pọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé ìlú nìyí: òǹkọ̀wé gbọ́ ìtàn mẹ́ta, ó mú orí ọ̀kan, ìkùn èkejì, ẹsẹ̀ ẹ̀kẹta, ó sì bí ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sọ ilé tó ni ín, kí ẹ wá sọ èyí tó wọ̀ yín lọ́kàn àti ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ lòdì sí àǹfààní ara rẹ̀ wúwo. Bí ìdílé ọlọ́ba bá fẹnu ara wọn sọ pé, "A bá àwọn kan níbí," ẹ fàlà sí i nídìí. Ọ̀pọ̀ ọba Èkìtì ló ń tọ́ka sí Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí adé ti wá yàtọ̀ sí ibi tí gbogbo èèyàn ti wá. Ní Adó, ìtàn Ewì, ọba ìlú náà, fúnra rẹ̀ ní Elésùn nínú, ẹni tí wọ́n bá lórí ilẹ̀. Ní Ìhò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wú egungun èèyàn jáde ní 1965, egungun tó ti lò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún lọ nílẹ̀. Èèyàn ti ń gbé àgbègbè yìí tipẹ́tipẹ́ kí adé kankan tó débẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí gbogbo èèyàn dákẹ́ lé lórí. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó ẹrú, ó sì ta èèyàn. Ìwọ̀fà wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Òpìtàn kò gbọdọ̀ fi bò. Àmọ́ ẹ kò nílò láti dárúkọ ìdílé tó jẹ́ ọmọ ẹrú nígbà kan. Ẹ ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí, kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Ìgbéyàwó ń bẹ níwájú fún àwọn ọmọ wọn.

Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí i, ìbáà ṣe ẹnu èèyàn, ìwé tàbí ojú yín. Níbi tí ẹ bá ti ń méfò, ẹ lo "ó jọ pé". Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ka apá tó kan àgbà kọ̀ọ̀kan sí i létí. Wọ́n lè tún orúkọ àti oríkì ṣe, ẹ dúpẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ yọ ohun tí ilé kejì sọ kúrò, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ẹ ó kọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Onígbọ̀wọ́ tó bá fẹ́ kí fọ́tò òun wà, ẹ fi sẹ́yìn ìwé.

Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí fóònù kan ṣoṣo. Ẹ fi orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ìlú àti ọjọ́ pe fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dà á sórí kọ̀ǹpútà àti fúláàṣì, kí ẹ fún ìdílé ẹni tó sọ̀rọ̀ ní ẹ̀dà, kí ẹ fún ilé ìkàwé ilé-ìwé ìlú lọ́kan. Bí àgbà kan bá ní òun fẹ́ yí ọ̀rọ̀ òun padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ má pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ kọ méjèèjì, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.